Ta ló yan ṣẹ́ẹ̀sì fún Bọ̀bọ̀?

Ẹ̀yin òbí tó ń gbé ọmọ lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni, nílùú Àkúrẹ́ níbí, tí inú máa ń run ṣáá tí ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì (chess) bá ti ku ọ̀la, tí bàbá ẹ̀ sì ń sọ fún gbogbo ayé pé "òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ ẹ." Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bọ̀bọ̀ ni màá máa pe ọmọ náà. Bàbá àti ìyá ẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ìyá ẹ̀ gan-an ló ní kí n kọ ọ́, torí pé ilé tiwọn nìkan kọ́ ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, èmi náà mọ ilé bíi mélòó kan.

Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì, Ìjàpọ̀ la ti ń ṣe é, àwọn ọmọ ń wá láti Ọ̀bà-Ilé, Alágbàká, Arákàlẹ̀, kódà àwọn kan ń wá láti ojú ọ̀nà Ìdànrè. Tẹ́lẹ̀, wọn ò pọ̀. Nígbà tó di April 2024 tí Tunde Onakoya jókòó sí Times Square ní New York tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí gbáko, tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní fóònù ń wò ó, fóònù tèmi náà ò sinmi. "Kóòṣì, ọmọ mi náà fẹ́ kọ́ o." Gbogbo wọn ni "ọmọ mi fẹ́." Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ kankan nínú ìpè yẹn. Bẹ́ẹ̀, Tunde tí wọ́n ń wò yẹn, ṣọ́ọ̀bù ònígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú ló ti kọ́kọ́ rí ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ta á títí tí òun náà fi mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Bọ̀bọ̀ wà lára àwọn tó pè mí nígbà yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ọmọ, mi ò rí i kó na Bọ̀bọ̀ rí torí ṣẹ́ẹ̀sì. Mo ní láti sọ èyí dáadáa, torí tí a bá ti gbọ́ pé òbí kan ń ti ọmọ ṣe nǹkan, bàbá tó di pàṣán mú ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, èyí tí mò ń sọ yìí ò ní pàṣán nínú rárá. Ọmọ mẹ́ta ló bí, owó ilé ìwé ń gòkè ní gbogbo táàmù, ó sì ti kà á pé àwọn yunifásítì kan wà ní Amẹ́ríkà, bíi University of Texas at Dallas, tó ń fún ọmọ tó bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta gan-an ní sikọ́láṣíìpù. Òótọ́ ni, ó wà. Ó ṣírò ẹ̀ pé ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó ku bíi ọdún mẹ́jọ tó máa wọ yunifásítì, àkókò ò sì dúró de ẹnì kan. Tó bá ń sọ ọ́, wàá mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù náà sì wà nínú ẹ̀, torí ó mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí bàbá ẹ̀ ò lówó.

Nígbà tí Bọ̀bọ̀ kọ́kọ́ dé, inú mi dùn sí i. Ọmọ tó ń ro nǹkan jinlẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ sọ fún mi pé nílé, abẹ́ tábìlì ìjẹun ni òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin máa ń gbé bọ́ọ̀dù lọ, wọ́n á ní kúìnì ń lọ sí Ọjà Ọba, ẹṣin ló gbé e, àwọn ọmọ ogun kéékèèké á máa tẹ̀ lé e, ẹni tó bá dí wọn lọ́nà, ó di pé kó san owó ibodè. Wákàtí méjì á lọ, wọn ò ní mọ̀. Bàbá ẹ̀ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní "Bọ̀bọ̀, ìyẹn kọ́ là ń fi í ṣe o," ó sì gbé bọ́ọ̀dù padà sórí tábìlì.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì Sátidé nìkan ò tó mọ́, wọ́n fi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kún un lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Láàárọ̀ kó tó wẹ̀ lọ sí sukúù, ó gbọ́dọ̀ yanjú ìṣirò ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri pálọ̀, ibi tí wọ́n ti ń sàmì sí èyí tó borí àti èyí tó pàdánù, àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí i. Tó bá borí lẹ́ẹ̀kan, ₦500. Tó bá gba mẹ́dàlì, fọ́tò ẹ̀ á wà lórí status bàbá ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ẹbí láti Ìbàdàn dé London á máa kí wọn kú oríire.

Àtìgbà náà ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ibà wò, wọ́n yẹ táífọ́ọ̀dù wò, wọ́n fún un ní oògùn aràn, síbẹ̀ kò lọ. Dókítà obìnrin kan ló wá bi ìyá ẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í: ọjọ́ wo ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀? Ìyá ẹ̀ dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ náà sẹ́yìn, ó rí i pé alẹ́ Friday ni, Friday tí ìdíje bá wà lọ́la ẹ̀. Dókítà ní ọmọ náà ò purọ́ o, inú ń run ún lóòótọ́, pé ìfun àti ọpọlọ jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rù bá ti ba ọmọdé tí kò sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́, inú ló máa ń bá a sọ ọ́. Bàbá ẹ̀ gbọ́, ó ní ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni ọmọ yẹn ń lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, ọmọ tínú ń run kì í ṣe ọ̀tá yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí ní ìdíje kan. Òbí kì í wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n bá ń ta lọ́wọ́, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń wà. Nínú ìdíje, tó o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò kan, ìyẹn náà lo gbọ́dọ̀ sún, kò sí pé o ò tún fẹ́ mọ́. Bọ̀bọ̀ jókòó lé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì kó má bàa ṣèèṣì fọwọ́ kan nǹkan. Tó bá fẹ́ sún, á yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, á sún un, á tẹ aago, á dá ọwọ́ padà sábẹ́ itan, lẹ́yìn náà á yíjú sí fèrèsé. Gbogbo ìgbà tó bá sún, á yíjú sí fèrèsé. Kò wo bọ́ọ̀dù tó bó ṣe ń wo ojú bàbá ẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó yẹ kó jẹ́ ẹṣin, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ òfin lòfin, ó sún un, ó sì pàdánù. Kò sunkún. Ó bọ ọmọ tí wọ́n jọ ta lọ́wọ́, ó mú bébà tí wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ta á sí, ó ká a, ó tún un ká títí tó fi kéré jọjọ, ó tì í bọ inú sọ́kìsì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní Dádì máa kà á nílé.

Èyí ni mo rò títí tí mo fi lọ bá bàbá ẹ̀ lẹ́yìn ìdíje yẹn. Mo ní, "Ẹ kú ìdúró sà. Sà, ó dà bíi pé eré yìí ti ń wọ Bọ̀bọ̀ lọ́rùn díẹ̀." Ó ní, "Kóòṣì, èmi ò fipá mú un o. Mo bi í. Mo ní ṣé o fẹ́ máa ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ẹ bi ìyá ẹ̀." Mo bi ìyá ẹ̀ lóòótọ́. Ìyá ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n bi í, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù àti aago wọlé ni wọ́n bi í, wọ́n ti sanwó fún mi, wọ́n sì ti pe bùrọ̀dá bàbá Bọ̀bọ̀ ní Lagos pé ọmọ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, tí bàbá ẹ̀ jókòó síwájú ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tí nǹkan tuntun wà lórí tábìlì, ó máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, Dádì" náà ni. Ìtẹríba ni, ọmọ dáadáa ni. Tí "rárá" ò bá ti ṣeé sọ nínú ilé kan, "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọmọ sọ níbẹ̀ ò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Mi ò ní kí òbí má bá ọmọ yan nǹkan o, ká má ṣi ara wa gbọ́. Ta ni ọmọ ẹ̀ jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì láìrí bọ́ọ̀dù rí? Ẹni tí wọ́n bí sílé Àyàn, orí ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló ti gbọ́ ìlù. Ní orílẹ̀-èdè Hungary, bàbá kan wà tó ń jẹ́ László Polgár, kó tó bímọ rárá ló ti pinnu pé òun máa fi ọmọ òun hàn ayé pé a lè kọ́ ọmọ di ọ̀gá. Ó bí obìnrin mẹ́ta, Susan, Sofia àti Judit, ó kọ́ wọn nílé, Judit sì di grandmaster, oyè tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1991 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15, kò sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí tó gbà á ṣáájú ẹ̀. Bàbá Bọ̀bọ̀ mọ ìtàn yìí lórí ju èmi gan-an lọ. Ohun tí kì í rántí níbẹ̀ ni pé Susan tó jẹ́ àgbà wọn fúnra ẹ̀ ló ń wá nǹkan ìṣeré tó ṣàdédé rí ṣẹ́ẹ̀sì nínú ilé, tó ń bèèrè pé kí lèyí. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà sì wà. Andre Agassi tó gba ife Grand Slam 8 nínú tẹníìsì, òun fúnra ẹ̀ ló sọ síta ní 2009 pé òun kórìíra tẹníìsì láti kékeré, bàbá òun ló fi òun sídìí ẹ̀. Ife 8, kórìíra ẹ̀. Torí náà kí ọmọ máa borí ò sọ fún yín pé ọmọ ló yàn án.

Ohun tó là mí lójú jù sí ọ̀rọ̀ Bọ̀bọ̀, ọ̀rọ̀ ₦500 yẹn ni. Táàmù tuntun wọlé, owó ilé ìwé mẹ́ta kóra jọ, bàbá ẹ̀ ní ká fi ₦500 yẹn sílẹ̀ ná. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bọ̀bọ̀ fi dẹ́kun ìṣirò àárọ̀. Wọ́n bi í, ó ní "ṣé ẹ máa san án tó bá yá?" Bàbá ẹ̀ pè mí tìbínú-tìbínú pé ẹ ò rí i pé ọ̀lẹ ni ọmọ yìí. Mo ní sà, ọmọ yìí kan náà ló wà lábẹ́ tábìlì fún wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún un. Mo sọ fún wọn nípa ìwádìí tí Lepper, Greene àti Nisbett ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1973. Wọ́n wá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ya àwòrán, wọ́n ṣèlérí fún àwọn kan pé tí wọ́n bá yà á, wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí tó ní ríbọ́ọ̀nù lára, wọ́n fún àwọn kan lẹ́bùn náà láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá tí wọ́n wá kó nǹkan ìyàwòrán síwájú gbogbo wọn láìsí ẹ̀bùn, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún yẹn ló yà á kéré jù, kò ju ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò lọ. Eré tí wọ́n fẹ́ràn ti di iṣẹ́ owó. Bàbá ẹ̀ dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní "Hmm." Ó ní òun máa pè mí padà.

Ní ọlidé gígùn, wọ́n mú Bọ̀bọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá ìyá ẹ̀ ní Oǹdó. Ìyá ẹ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Bàbá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, Bọ̀bọ̀ jókòó síwájú ẹ̀ lórí àpótí, àwọn bàbá mélòó kan dúró yí wọn ká tí wọ́n ń fi Bọ̀bọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ ni ẹ́, kò mọ ayò í ta, wọ́n ń pariwo. Bàbá àgbà jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bọ̀bọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí, ó ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ta!" Ìyá ẹ̀ ní alẹ́ ló máa ń lé wọn kúrò níbẹ̀, àti pé kò sọ pé inú ń run òun títí wọ́n fi padà sí Àkúrẹ́. Ẹnì kan lè sọ pé ọlidé ni, inú ọmọ wo ló máa run ní ọlidé. Mo gbà. Àmọ́ ẹ wò ó, ó ń pàdánù ní Oǹdó ju bó ṣe ń pàdánù ní Àkúrẹ́ lọ, nínú ariwo, lójú àwọn àgbàlagbà. Pípàdánù kọ́ ni ìṣòro ọmọ yẹn.

Èmi náà wá bá a sọ̀rọ̀, nígbà tá à ń palẹ̀ mọ́ ní Sátidé kan. Mi ò bi í pé ṣé o fẹ́ràn ẹ̀, torí mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Tí mo bá ní kò sí kíláàsì títí di Kérésì, kí lo máa ṣe ní Sátidé?" Ó ronú. Ó ní òun máa sùn. Ó ní lẹ́yìn náà òun àti àbúrò òun á jọ ta á, èyí tí kúìnì ń lọ sọ́jà. Lójú ẹsẹ̀ ló ní, "Ẹ má sọ fún Dádì o." Mo ní kí ló dé, ṣé wọ́n máa nà ẹ́ ni? Ó ní rárá. Ó ní, "Wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò." Láti gbọ̀ngàn dé Ọ̀bà-Ilé. Tó bá borí, wọ́n á máa rojọ́, wọ́n á ra súyà. Tó bá pàdánù, kẹ́kẹ́ á pa. Mo bi í bóyá mo lè sọ fún Mọ́mì, ó ní mo lè sọ fún Mọ́mì.

Mọ́mì ló ṣètò ìjókòó wa. Bàbá ẹ̀ bínú lákọ̀ọ́kọ́, ó tọ́ kó bínú, èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí ni mo wá jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ fún un. Ó wá mú ọ̀rọ̀ kan wá tó lágbára, ó ní, "Kóòṣì, tá a bá ní ká máa tẹ̀ lé ohun tí ọmọdé fẹ́, ọmọ wo ló máa lọ sí sukúù? Ọmọ wo ló máa fọ eyín?" Mo ní sà, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ ò bi í rí bóyá ó fẹ́ fọ eyín. Ọ̀ranyàn ni, ó sì mọ̀ pé ọ̀ranyàn ni, ó lè ráhùn, ẹ ò ní bínú. Ṣẹ́ẹ̀sì yìí, ẹ ṣe é ní ọ̀ranyàn, ẹ wá ní òun ló yàn án. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́. Ẹ gbé ẹrù lé e lórí, ẹ tún ní òun ló di ẹrù.

Ìyá ẹ̀ fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Bàbá ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

A fẹnu kò pé kò sí ìdíje títí táàmù máa fi parí, bébà ara ògiri á kúrò, kò sí ₦500, kò sí status. Bọ́ọ̀dù á wà ní pálọ̀, ẹni tó bá wù ú kó ta á bó ṣe wù ú. Mo tún bẹ bàbá ẹ̀ pé kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún Bọ̀bọ̀ pé tó bá ní òun ò ṣe mọ́, òun ò ní bínú. Wọ́n pe ọmọ náà wá. Bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ó ṣòro fún un, àmọ́ ó sọ ọ́. Bọ̀bọ̀ wò ó lójú, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

Ìdáhùn kan náà. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni bàbá ẹ̀ wá yíjú sí mi, mo sì rí i pé ó yé e.

Kò yanjú lọ́jọ́ kan. Bọ̀bọ̀ dán bàbá ẹ̀ wò dáadáa. Sátidé tó tẹ̀ lé e ó ní òun ò lọ, bàbá ẹ̀ ní ó dáa, àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán Sunday ó tún bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ìyá ẹ̀ fojú bá a wí. Ní Sátidé tó tún tẹ̀ lé e Bọ̀bọ̀ ò tún lọ, ó lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù, bàbá ẹ̀ tún aago ara ògiri ṣe, wọ́n jọ jẹun alẹ́, ó bá a sọ̀rọ̀. Inú rírun náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó padà wá lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ tí àlejò kan láti Lagos wọlé tó ní "Champion wa dà?" Nísinsin yìí ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé tó bá wù ú, nígbà míì ó máa ń fò ó. Kò tíì wọ ìdíje kankan. Tó bá dé, kì í jókòó lé ọwọ́ mọ́.

Bàbá ẹ̀ ṣì ń fi ìkéde ìdíje ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "Kóòṣì, ẹ wo èyí," èmi náà á ní "Mo ti rí i sà, ẹ ṣé." Ó ń dùn ún. Ó rò pé ọdún ń lọ, ní ti grandmaster òótọ́ ni ọdún ń lọ, mi ò lè parọ́ fún un. Bóyá Bọ̀bọ̀ ì bá ti dé ibi gíga kan. Èmi ṣá o, mo fara mọ́ ọn kí Àkúrẹ́ pàdánù ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta, ju kí ọmọ kan máa fi ìwé pamọ́ sínú sọ́kìsì lọ.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti àbúrò ẹ̀ obìnrin, ó ti pé ọdún méje. Bàbá wọn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ẹ̀ dùn, ó ní ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ti ra bọ́ọ̀dù tiẹ̀. Mo ní ẹ kú ìnáwó sà, àmọ́ mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Kí ìyá ẹ̀ kàn mú un wá wo àwọn tó kù ní Sátidé mélòó kan, kó lè lọ tó bá sú u. Tó bá jẹ́ pé òun náà fẹ́ ẹ, kó wá sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ̀, nígbà tí ẹ̀yin sà ò sí níbẹ̀.